Sáfà Tí Kì Í Gbàgbé

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ aláta ní Mile 12 dán sáfà tuntun wò, gbogbo apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé tó wà ní láìnì wọn ti di ti oníbàárà kí wọ́n tó pe ìrun Àyìlá ọ̀sán, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kúrò nílẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí sáfà jẹ́, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́ kó yéni. Ẹgbẹ́ aláta ní ojú-òpó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ata láti Gbàgádà tàbí Ifákọ̀ á ṣí i lórí fóònù rẹ̀, á rí àwòrán apẹ̀rẹ̀ tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, á tẹ èyí tó wù ú, oníkẹ̀kẹ́ á sì gbé e lọ fún un. Sáfà ló jókòó sídìí ojú-òpó náà bí ọmọ ọjà ṣe ń jókòó ti ìsọ̀. Ẹni tó bá wọlé, òun ló ń dá a lóhùn. Ohun tí ẹni náà bá sọ, òun ló ń rántí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fún wọn ní sáfà tẹ́lẹ̀ ń gba owó ní dọ́là. Nígbà tí dọ́là gòkè, owó oṣù gòkè. Nígbà tí dọ́là sọ̀ díẹ̀, owó oṣù kò sọ̀. Ẹgbẹ́ ní ó tó, kí wọ́n wá òmíràn. Èyí tó dé iwájú wọn ní ìpàdé jẹ́ méjì.

Oyin ló gbé àkọ́kọ́ wá. Obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Kétu tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun ló sì ń bójú tó ojú-òpó náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Èyí tí mo mú wá, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ ọ́ fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀rọ tí a máa gbé e lé nìkan la máa háyà, ìyẹn ò sì wọ́n. Gbogbo ara ẹ̀ ló ṣeé yí. Tó bá bàjẹ́, èmi lẹ máa pè." Ó jókòó.

Gbénró ló gbé èkejì wá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Gbàgádà ló rán an. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ débi pé ó lè dá dúró fúnra rẹ̀, ó sì ṣí láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa," ó ní, "ohun tí a gbé kalẹ̀ fún yín ni ìpèsè alápapọ̀, tó ń fẹ̀ tó sì ń súnkì gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ọjà bá ṣe ń yí padà."

Muideen na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Aláta ni Muideen náà, ó sanra, kì í sì í jẹ́ kí ìpàdé kọjá láìfi àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kí ló ń fẹ̀ tó ń súnkì, ṣé ikùn mi ni àbí ata?"

Nígbà tí ẹ̀rín dákẹ́, Gbénró gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Owó oṣù kan náà lẹ óò máa san, ní náírà. Gbogbo wàhálà ẹ̀ wà lọ́rùn wa. Ẹ̀yin ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Oyin bi í léèrè, "Tá a bá fẹ́ fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Kò sídìí ẹ̀, Aunty. Wọ́n ti tò ó láti ilẹ̀ wá."

"Ẹni tó bá wọlé, tó mú apẹ̀rẹ̀, tó wá dákẹ́, ìgbà wo ni sáfà yín máa dúró dè é dà?"

"Ààbọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbàgbé ẹ̀."

"Ṣé ẹ lè bá wa fi kún un?"

"Kò ṣeé fi kún. Bó ṣe rí fún gbogbo àwọn oníbàárà wa nìyẹn, láti ibí títí dé ìlú òyìnbó."

Ni gbogbo ilé bá ń kùn. Ẹni tí kì í bá ṣe ará láìnì ata lè má mọ ìdí rẹ̀. Ní láìnì náà, bí ènìyàn bá ti ná apẹ̀rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ti wọ̀, yóò ya àkísà, yóò so ó mọ́ etí apẹ̀rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó lè lọ ra àlùbọ́sà, ó lè lọ wá owó, ó lè lọ jẹun. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ti di tirẹ̀, bí kò tiẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Ẹlòmíì ì báà kó owó dé, kí ó fi owó náà nu ojú aláta, wọn ò ní tú àkísà yẹn. Ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà fi ń kan ojú-òpó ẹgbẹ́ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn: ẹ̀rọ ń tú àkísà ènìyàn lẹ́yìn ẹni.

Alhaja Suwebat ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ Gbénró lọ́wọ́. Òun ni olórí láìnì, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í gòkè nítorí kò nílò rẹ̀. "Ọmọ mi, ààbọ̀ wákàtí kọ́. Ẹni tó fẹ́ bi ọkọ ẹ̀ léèrè ńkọ́? Ọkọ míì wà, ààbọ̀ wákàtí ò tó o láti gbé fóònù."

"Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n ìlànà ni."

"Ìlànà ta ni?"



Oyin yíjú sí gbogbo ilé. "Ẹ sọ fún mi kí n lè fi sínú tèmi. Àkísà tí wọ́n bá so, ìgbà wo ni wọ́n ń tú u?"

Gbogbo wọn dáhùn pọ̀ pé ìgbà tí ẹni tó so ó bá dé ni.

"Tí ò bá dé ńkọ́?"

"Á dé," ni ẹnì kan wí.

Suwebat fi ọwọ́ sí àyà. "Ẹnikẹ́ni kì í tú àkísà ẹlòmíì ní láìnì yìí. Láti ayé ìyá mi."

Gbénró tún dìde. "Ẹ jọ̀wọ́, ìjókòó aláìlópin yóò mú kí àpò ìrántí ètò náà kún ní àkúnwọ́sílẹ̀, èyí tí yóò yọrí sí ìdẹ́kun ìpèsè."

Oyin wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ní ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó ní lọ́kàn, ó sì jókòó. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ní ìpàdé náà nìyẹn. Ó kàn dì í nínú aṣọ púpọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku kí wọ́n yan ọ̀kan. Suwebat ní ti Oyin ni òun fara mọ́. Muideen na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Ti Ọ̀gá yìí, tó bá bàjẹ́, a mọ ilé-iṣẹ́ tá a máa lọ bá jà. Ọ̀fẹ́ yìí, tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ta la máa mú?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ mú," ni Suwebat wí.

"Kí la máa rí gbà lọ́wọ́ yín? Ẹ ò ní eyín wúrà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Suwebat náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìsọ̀ mi lojú ẹ wà, Muideen, láti ọjọ́ tó o ti dé ọjà yìí. A máa dán sáfà náà wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, gba ìsọ̀ mi, kí n gba tìẹ."

Ẹ̀rín tán. Ẹnu láìnì ni ìsọ̀ Suwebat wà, níbi tí tírélà ti ń já ẹrù sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ rí, òun ló sì ń kọ́kọ́ kí. Ìyá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ sì nìkan ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ láàárọ̀ ní gbogbo láìnì náà. Ti Muideen wà ní ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níbi tí ènìyàn ti ń gbọ́ pé tírélà dé ṣùgbọ́n tí kò ní rí i.

Ẹnì kan ní, "Alhaja, ẹ gbé e mì."

"Ó ti jáde lẹ́nu mi," ni Suwebat wí.

Lójú ọ̀nà, Oyin lé e bá. "Mummy, sáfà lásán lèyí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi ìsọ̀ dógò?"

"Ṣé kò dá ẹ lójú ni?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó ti parí nìyẹn. Bá mi ra ẹ̀pà níwájú yẹn."

Oyin padà sí Kétu, ó gbé sáfà náà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n háyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ènìyàn ti ń kọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí sáfà tó gbàgbé ẹni tó dákẹ́. Iye ìṣẹ́jú tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀ ni yóò fi dúró. Ẹni tó bá kọ òdo, kò ní gbàgbé láé. Oyin rántí ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé, ó kọ òdo. Inú rẹ̀ dùn sí i. Èyí gan-an ni Gbénró kò lè ṣe pẹ̀lú gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tírélà dé láti òkè ọya, wọ́n já apẹ̀rẹ̀, wọ́n ya àwòrán wọn sí ojú-òpó. Oyin dojú apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Suwebat, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé e, ó sì jókòó tì í. Gbénró náà dé pẹ̀lú àpótí ìjókòó lábẹ́ apá, ó ní òun kàn wá kí wọn ni. Muideen ti ẹ̀yìn wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, ó ń wọn ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Suwebat.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni Suwebat bi í.

"Mò ń wo ibi tí àga mi máa wà ni, Alhaja."

"Wọ̀n ọ́n dáadáa. Rántí pé o ò kéré."

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí ojú-òpó. Fóònù Suwebat ń dún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá so àkísà tuntun. Ó ń dún bí ẹyẹ ẹ̀gà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ti ní ẹni tó ni wọ́n, ogún, ìdajì láìnì. Oòrùn ò tíì mú rárá tí kò fi ku apẹ̀rẹ̀ kan tí wọn ò tíì so àkísà mọ́.

"Ẹ rí i?" ni Suwebat ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ọ̀fẹ́ nìyẹn o."

Muideen ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó dúró, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó wo láìnì láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Alhaja, ọjà ti tà tán, mo gbọ́. Kí ló wá dé tí ilẹ̀ ò fi mọ́?"

Òótọ́ ni. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ jókòó sínú iboji, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, èèpo ti pọ̀ níwájú wọn. Kò sí ẹni tó sanwó, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbé nǹkan kan lọ. Obìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọjà dúró níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

"Mummy, ẹ ta apẹ̀rẹ̀ yìí fún mi."

"Ó ti ní ẹni tó ni ín."

"Ti ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

"Ó ní ẹni tó ni ín."

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àwọn tó ni wọ́n dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ṣé láti Mẹ́kà ni?" Obìnrin náà ká owó rẹ̀, ó lọ sí láìnì kejì.

Suwebat pe Cecilia lórí fóònù. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ni, ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọ́fíìsì ní Ifákọ̀. Ó fi fóònù sí èyí tí gbogbo wọn ń gbọ́.

"Cecilia, apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lo so àkísà mọ́. Ṣé ìgbéyàwó ló ń bọ̀ ni?"

"Mummy, ẹ káàárọ̀ o. Méjì ni mo fẹ́."

"Mẹ́jọ yòókù ńkọ́?"

"Mo kàn so wọ́n sílẹ̀ de ara mi ni, kí ẹlòmíì má baà kó èyí tó dáa. Tí mo bá ti fara balẹ̀ wò wọ́n, mo máa yan méjì."

"O ò tíì fara balẹ̀?"

"Mo ní ìrẹsì lórí iná, Mummy."

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo wá sí láìnì, ṣé wàá ya àkísà mẹ́wàá?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí aṣọ yẹn? Ìró mi á tán. Orí fóònù ni àkísà kì í tán."

Suwebat pa fóònù, ó wo Oyin. Oyin ń wo láptọ́ọ̀pù. Bí Cecilia ṣe ṣe ni gbogbo wọn ṣe. Ẹni tó fẹ́ ọ̀kan so márùn-ún, ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan tó kàn ń wò ó lórí ibùsùn náà so mẹ́ta, nítorí kò sí ohun tó ń ná an. Sáfà sì ń dúró de gbogbo wọn. Ó ń dúró de àwọn tó so, ó ń dúró de àwọn tó kàn yọjú tí wọ́n tún padà, gbogbo wọn ló ń kó sórí bí alàáárù tí kò mọ̀ pé ẹrù ti tó.

Ojú-òpó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ohun tó ń ṣí ní ìṣẹ́jú àáyá ń gba kí ènìyàn mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ funfun, kò ṣí mọ́. Fóònù Suwebat dákẹ́.

Muideen wo okùn ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sápò. Kò sọ nǹkan kan, èyí sì ya gbogbo láìnì lẹ́nu ju sáfà lọ.

Gbénró fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ Oyin. "Ìrántí ẹ̀ ló kún."

"Mo ti rí i."

"Mo sọ ọ́ ní ìpàdé."

"Ẹ sọ kí ni?"

"Mo ní ìjókòó aláìlópin yóò mú kí àpò ìrántí..."

"Ọ̀gá Gbénró, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ sọ ọ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ kí n gbọ́."

Gbénró ní, "Sáfà tí ò bá lè gbàgbé, á kú."

Oyin yíjú sí i pátápátá. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Wọ́n á rò pé mi ò kàwé."

Oyin fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Gbénró náà rẹ́rìn-ín, ó tú bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dojú kọ ẹ̀rọ. Jíjí i dìde kò le. Ohun tó le ni ohun tí wọ́n máa kọ dípò òdo. Bí wọ́n bá kọ ààbọ̀ wákàtí, wọ́n ti padà sí ẹ̀sùn àtijọ́ nìyẹn, á jẹ́ pé kí ẹgbẹ́ kúkú gba ti Gbénró. Bí wọ́n bá kọ odindi ọjọ́ kan, ata á ti rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí gbé e.

"Wákàtí mélòó ló yẹ ata?" ni Gbénró béèrè.

"Mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní títí tí ẹni tó so ó máa fi dé."

Bí wọ́n ṣe ń fa ìyẹn ni wọ́n pe ìrun Àyìlá. Suwebat lọ kírun, Muideen náà lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, Suwebat tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fa náílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ lábẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹ̀yìn láìnì. Ìdààmú wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Àwọn apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí àwọn tó fi ẹsẹ̀ wá ní ìdájí ti so àkísà gidi mọ́. Ó tú ọ̀kan, ó jù ú sínú náílọ́ọ̀nù. Ó tú èkejì.

Oyin gbé ojú sókè. "Mummy, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń gbá láìnì."

"Àkísà lẹ̀ ń tú."

"Ta ló ń tú àkísà? Mo ní mò ń gbá láìnì. Àyìlá ti kọjá."

Oyin dìde. "Ṣé àwọn tó so wọ́n ti dé?"

"Ẹni tí ò dé kí Àyìlá tó kọjá, kò bọ̀ mọ́. Ó ti rí èyí tó wù ú níbòmíì. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Èmi."

Suwebat dúró pẹ̀lú àkísà kan lọ́wọ́.

"Mo bi gbogbo yín," ni Oyin wí. "Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ọwọ́ sáyà. Ẹ ní ẹnikẹ́ni kì í tú u."

"Ẹnikẹ́ni kì í tú u lóòótọ́," ni Suwebat wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mò ń tú u."

Muideen ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àpò àlùbọ́sà alábàáṣe rẹ̀, ìyẹn sì ń lé e dìde. "Alhaja, òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí yín pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù yẹn. Mi ò kà á sí títú rí. Mo kàn mọ̀ pé Àyìlá ti kọjá ni."

Wọ́n bi aláta mìíràn, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n bi èkejì. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó rántí láti sọ ọ́, bí ènìyàn kì í ṣe í sọ fún àlejò pé ilẹ̀ máa ń ṣú.

Oyin kọjú sí Gbénró. "Sáfà tiyín, ṣé ẹ lè sọ fún un pé bí Àyìlá bá kọjá ni kó gbàgbé?"

Gbénró mi orí. "Ààbọ̀ wákàtí nìkan ló mọ̀. Kò mọ Àyìlá." Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí láptọ́ọ̀pù. "Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn tó kàn yọjú. Wọn ò so nǹkan kan. Kí ló dé tá a fi ń dúró dè wọ́n?"

Ìyẹn náà dára. Wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀: ẹni tó kàn yọjú, kí sáfà gbàgbé rẹ̀ kíákíá; ẹni tó so àkísà, kí ó dúró dè é títí Àyìlá yóò fi kọjá, kí ó sì tú u. Wọ́n jí ẹ̀rọ dìde. Gbogbo àkísà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti Gbàgádà dé Ifákọ̀.

Fóònù Suwebat dún kíákíá. Cecilia ni.

"Mummy, ta ló tú àkísà mi?"

"Àyìlá ni."

Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni Cecilia, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ra ata ní Mile 12. "Ó ti kọjá ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú méjì, èyíkéyìí tó bá dáa lójú yín. Mò ń sanwó báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Ẹni tó so márùn-ún san ti ọ̀kan. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, wọ́n ń kígbe mọ́ra wọn pé kí èyí yẹ̀ kí tọ̀hún kọjá. Kí wọ́n tó kírun Alásàrí ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ láìnì mọ́, ó ku ewé àti omi ata.

Ẹgbẹ́ gba sáfà Oyin ní ọ̀sẹ̀ náà. Wọn kò jiyàn púpọ̀. Ẹnì kan ní, "Ọ̀fẹ́ ni, àbí?" Oyin ní, "Sáfà ni ọ̀fẹ́. Èmi kọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá owó kan fún un lóṣooṣù, tó kéré sí ti Gbénró ṣùgbọ́n tí kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní bí nǹkan bá ju agbára Oyin lọ, kí wọ́n pe Gbénró fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì san tiẹ̀ fún un. Muideen ló fi kún un pé Gbénró lè máa wá, ṣùgbọ́n kí ó fi èdè ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gbàgádà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdánwò ni Suwebat ti ń kó bẹ́ńṣì rẹ̀.

Muideen sáré wá. "Alhaja, ẹ jókòó. Àwàdà ni mò ń ṣe."

"Èmi ò ṣàwàdà. Ṣé sáfà dákẹ́ àbí kò dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó jí."

"Mi ò dárúkọ jíjí nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Gba ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì yẹn dání."

Ó lọ sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, Muideen sì bọ́ sí ẹnu láìnì. Ọjà Suwebat kò dínkù, nítorí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ń gbà wá báyìí, fóònù kò sì mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wá náà kò gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi Muideen pé, "Alhaja dà?" Ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní apá ń ro òun.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn Àyìlá, Suwebat ṣì ń mú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń gbá láìnì láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bó bá dé ẹnu láìnì, Muideen á dìde kúrò lórí àga, á ní, "Alhaja, ẹ jókòó gba atẹ́gùn díẹ̀." Suwebat máa ń dúró. Kì í jókòó.

Sáfà náà kò ná ẹgbẹ́ ju owó háyà àti owó Oyin lọ. Ṣùgbọ́n ó ná Suwebat ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀.